"Ẹja ni ẹja ń rùn": ohun tí imú, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iná ò lè sọ fún wa nípa ẹja ọjà

Láàárọ̀ Sátidé kan ní ọjà Bódìjà, mo dúró ti obìnrin kan tó ń nájà ẹja tútù. Ó mú titus kan, ó gbé e sí imú, ó fajú ro. "Ìyá, ẹja yìí mà ń rùn." Ìyá ẹlẹ́ja ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń la ẹja oníbàárà mìíràn. "Ẹja ni ẹja ń rùn. Sé o fẹ́ kó máa ta sánsán bíi pafúùmù ni? Sé o fẹ́ẹ́ rà á ni, àbí o ò fẹ́ẹ́ rà á?" Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó ní òun á fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, òun á sì sè é jinná, kò sí kòkòrò tí iná ò lè pa.

Àwọn méjèèjì ló gbọ́n, àwọn méjèèjì ló sì ṣì í. Ohun mẹ́ta ni wọ́n gbójú lé nínú ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n sọ yẹn: imú, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iná. Kò sí ilé ìdáná kan n'Ìbàdàn tí wọn ò ti gbójú lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ni aago, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pinnu bóyá ẹja yóò ṣe wá lóore tàbí yóò dá wa dùbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí imú bẹ̀rẹ̀. Èròjà kan wà nínú ara ẹja òkun tí kò ní òórùn kankan. Trimethylamine oxide lorúkọ rẹ̀, ó wà lára ohun tí ẹja fi ń fara da iyọ̀ òkun. Bí ẹja bá ti kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà yìí ṣiṣẹ́, wọn á sọ ọ́ di trimethylamine. Òun ni òórùn ẹja tí gbogbo wa mọ̀. Èmi máa ń pe àwọn bakitéríà tó ń ṣe é ní aba-ẹja-jẹ́, nítorí pé ẹja ni wọ́n dojú kọ, wọn kì í sábà bá ènìyàn jà. Àwọn tó ń bá ènìyàn jà yàtọ̀: Salmonella, Listeria, Vibrio, Staphylococcus àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Aṣeniléṣe ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í rùn. Salmonella lè kún ara ẹja kí ẹja náà sì máa dán, kí ojú rẹ̀ yọ rekete bíi pé ìṣẹ́jú yẹn ló jáde lódò.

Nítorí náà, bí ẹja bá rùn burúkú, imú ti sọ òótọ́: ó ti pẹ́ nínú ooru, ẹ fi sílẹ̀. Bí kò bá rùn, imú ò tíì sọ ohunkóhun. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ṣìnà nìyí. A máa ń gba ìdákẹ́jẹ́ imú ní ẹ̀rí.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Trimethylamine jẹ́ irú èròjà tí ohun kíkan máa ń dè mọ́lẹ̀. Bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà bá ti kàn án, kò ní lè fò sínú afẹ́fẹ́ mọ́, imú ò sì ní gbọ́ ọ. Òórùn ti lọ nìyẹn, àmọ́ ẹja ò tìtorí ẹ̀ padà di tuntun. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n fún ẹlẹ́rìí lówó kó má wulẹ̀ yọjú sí kọ́ọ̀tù. Iyọ̀ àti àlọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa fi ń fọ yọ̀ọ́yọ̀ọ́ ara ẹja kúrò náà, iṣẹ́ ìmọ́tótó ni wọ́n ń ṣe, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe oògùn.

Ó wá kan aago. Bakitéríà kì í lóyún. Ọ̀kan ló ń pín sí méjì. Níbi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó lómi, tí oúnjẹ sì wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn lè pín láàárín 20 ìṣẹ́jú péré. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ní aago mẹ́jọ àárọ̀ á di 8 tó bá di aago mẹ́sàn-án. Ní aago méjìlá ọ̀sán, ó ti di 4,096. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti lé ní mílíọ̀nù 16. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹja tó gbé bakitéríà kan ṣoṣo wá sọ́jà o. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní àárín 5°C sí 60°C ni ibi tí wọ́n ti ń gbilẹ̀ kíákíá, kí oúnjẹ má sì lò ju wákàtí méjì lọ níbẹ̀. Ọ̀sán Ìbàdàn tó ń lé ní 30°C, àárín gbùngbùn ibẹ̀ ló bọ́ sí.

Òtútù ńkọ́? Fìríísà tó wà ní -18°C kì í pa bakitéríà. Ó kàn fi wọ́n sùn ni. Bí yìnyín bá yọ́, wọ́n á jí, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ láti ibi tí wọ́n bá a dé.

Ẹ wá fojú inú wo ìrìn àjò titus kan. Òkun ìhà àríwá Yúróòpù ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Yìnyín ti mú un gan kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, páálí oní 20 kìlò ni wọ́n dì í sí, ó gúnlẹ̀ sí Èkó, ó bá mọ́tò gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, ó wọ kóólúrúùmù. Bí òtútù yẹn ò bá já lójú ọ̀nà, ẹja náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó wọ yìnyín. Ọ̀dọ̀ wa níbí gan-an ló ti sábà máa ń já. NEPA mú iná lọ lóru, jẹnẹrétọ̀ ò ní díísù. Wọ́n tú páálí láàárọ̀, ó wà lórí tábìlì dìrọ̀lẹ́. Èyí tí kò tà, wọ́n dá a padà sínú fìríísà kó tún dì, kó tún lè jáde lọ́la. Ẹ rántí ìṣirò wa: àwọn tó jí lánàá ti bí sí i kí wọ́n tó padà sùn, iye tó sùn ni yóò sì jí lọ́la. Mi ò sọ èyí láti ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́. Ẹni tó bá mọ iye tí díísù jẹ́ báyìí á mọ̀ pé ẹlẹ́ja tó lè mú kí ẹja rẹ̀ gan tọ̀sán-tòru ń gbìyànjú gan-an ni.

Iná ló kù, òun sì ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, torí òun la fọkàn tán jù.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Òjé, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ ìrẹsì pẹ̀lú titus díndín. Kò tó wákàtí kan tí ojú rẹ̀ fi gbóná kọjá àlà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, orí ń fọ́ ọ, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Ẹnì kan ní ara rẹ̀ ò gba ẹja ni. Màmá àgbà kan tó jókòó nítòsí ní kí wọ́n lọ wádìí ẹni tó gbé abọ́ fún un. Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ màmá yẹn wọ àwọn ènìyàn létí ni pé àwa mẹ́fà la jókòó sí tábìlì yẹn, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti bu oúnjẹ fún wa, òun nìkan ló ṣe. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó sì ti jẹ titus àìmọye ìgbà láti ìgbà yẹn, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i bá ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ń pè ní májèlé histamine mu rẹ́gírẹ́gí. Èròjà kan tó ń jẹ́ histidine pọ̀ nínú ẹran titus, ṣawa, tuna àti àwọn ẹja òkun tó bá wọn tan. Tí ẹja bá pẹ́ nínú ooru, àwọn bakitéríà kan tó ń gbé nínú ìfun rẹ̀ àti níbi tó fi ń mí, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Morganella morganii, á sọ histidine yìí di histamine. Histamine yìí kan náà ni ara wa máa ń tú jáde fúnra rẹ̀ tí nǹkan tí kò gbà bá wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìsàn yìí fi jọ "ara ò gbà á" bí ìbejì. Iná ò sì rí i ṣe rárá. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ yan án, ẹ gbé e padà sínú fìríísà, histamine tó ti wà níbẹ̀ wà níbẹ̀. Bakitéríà ti kú nínú epo gbígbóná lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá pa ejò tó ti bu ènìyàn jẹ, oró tó ti wọ ara kì í bá ejò kú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ òun nìkan? Torí pé histamine kì í pọ̀ bákan náà nínú gbogbo ẹja. Nínú páálí kan, ẹja tó wà lókè tí oòrùn ń bà lè kún fún un, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ má sì ní nǹkan kan. Kódà nínú ẹja kan ṣoṣo, gé kan lè ju ìkejì lọ. Òfin oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex ní kí ó má ju 200 mílígíráàmù lọ nínú kìlò ẹja kan, ṣùgbọ́n láabù nìkan ló lè wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ti jẹ ẹ́ rí nílẹ̀ òkèèrè ní ó máa ń ta lẹ́nu bí ata. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí. Nínú ọbẹ̀ ata Ìbàdàn, ta ló fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti histamine yàtọ̀ sí ti ata rodo?

Staphylococcus náà ní irú ìwà yìí. Ọwọ́ wa, imú wa àti ojú egbò ló ń gbé. Bí ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ bá to ẹja díndín sínú àwo, tí àwo náà sì wà lórí tábìlì láti àárọ̀ di alẹ́, bakitéríà yìí á fi oró sílẹ̀ nínú ẹja náà, gbígbóná kò sì ní lé oró ọ̀hún lọ. Ìdí nìyí tí ọbẹ̀ tí a ń gbé kaná láràárọ̀ láralẹ́ fi lè bínú síni lọ́jọ́ kan láì rùn, láì kan.

Nǹkan mìíràn tún ni pé ohun tó ti jinná lè tún kó kòkòrò. Ní ìlú Osaka ní Japan, ní October 1950, àwọn ènìyàn jẹ ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti bọ̀ tí wọ́n sì sá díẹ̀ sóòrùn. 272 ló dùbúlẹ̀, 20 sì kú. Inú ìwádìí ọ̀rọ̀ yẹn ni dókítà Tsunesaburo Fujino ti rí bakitéríà tí a wá mọ̀ sí Vibrio parahaemolyticus. Omi òkun nilé rẹ̀, edé àti ẹja òkun ló ń gùn, bó bá sì rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè pín sí méjì láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Edé tútù tí a ń rà láti Èkó, òun ni kí ẹ fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ sè é títí yóò fi gan, tí yóò sì pọ́n látòkè délẹ̀.

Ibi tí ẹja tútù ti ń bá ohun tó ti jinná pàdé nílé wa kò le mọ̀: ọ̀bẹ àti pátákó ni. Ẹ̀yin náà ẹ ti rí pátákó ẹlẹ́ja, tí ọ̀bẹ ti gbẹ́ ihò sí i lára, àti báàkẹ́tì omi kan tí wọ́n fi ń ṣan ẹja gbogbo oníbàárà láti àárọ̀. Ohun tó bá wà lára ẹja ẹni àkọ́kọ́ ti kan ti ẹni ogún. Èyí ò dẹ́rù bà mí púpọ̀, torí iná ń bọ̀ wá bá ẹja náà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ọ̀bẹ tí a fi gé ẹja nílé, tí a fi omi lásán ṣan, tí a tún fi gé kukumba àti tòmátò fún sàláàdì. Ẹja á wọ iná. Kukumba ò ní wọ iná.

Àwọn kan á ní àwọn ò tiẹ̀ jẹ ẹja yìnyín, ẹja àrọ̀ tó ń ta pútú nínú agbada làwọn ń jẹ. Ó dáa, ẹja tí kò tíì kú kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, histidine rẹ̀ kò sì tó ti titus, nítorí náà histamine kì í ṣe wàhálà rẹ̀. Omi tó ti wá ni kí a béèrè. Àwọn kan máa ń da ìgbẹ́ adìyẹ sínú adágún ẹja, Salmonella sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Kí ìfun má bẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń la inú rẹ̀, kí a sì sè é títí ẹran rẹ̀ yóò fi máa ṣí kúrò lára egungun.

Ẹja yíyan tó gbẹ kangbe lè pẹ́ nílẹ̀ torí kò sí omi tí bakitéríà máa mu nínú rẹ̀. Èyí tó ṣì rọ̀, tí epo ń yọ lára rẹ̀, ẹja tútù tó wọ aṣọ èéfín ni. Ibẹ̀ ni Listeria fẹ́ràn. Ó yàtọ̀ sí àwọn yòókù torí ó ń dàgbà nínú fìríìjì pàápàá, ó sì lè ba oyún jẹ́. Kí aláboyún má ṣe bù ú jẹ bẹ́ẹ̀. Kó jẹ́ kó hó dáadáa nínú ẹ̀fọ́ rírò ná. Ẹ má sì yọ̀ jù bí eṣinṣin ò bá bà lé ẹja gbígbẹ kan. Àwọn oníwàkuwà kan ń fín oògùn kòkòrò sí i, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ bakitéríà mọ́.

Bí èmi ṣe ń rà á nìyí. Ẹja ni mo ń rà kẹ́yìn, lẹ́yìn ata, àlùbọ́sà àti ẹ̀fọ́, kó má baà bá mi yí ọjà ká. Mo máa ń gbé kúlà kékeré kan dání, mo ti fi pọ̀ọ̀wọ́tà mẹ́rin tó dì gbagidi sínú rẹ̀ láti ilé, torí Máíkírà tó bá há sí Sángo ní ọ̀sán gangan ò mọ̀ pé ẹja wà nínú náílọ́nù mi. Ẹja tó le bí òkúta, tó nà tọ́ọ́rọ́, ni mo ń mú. Èyí tó wọ́, tí ikùn rẹ̀ ti bẹ́, tí ojú rẹ̀ ti wọnú, tàbí tí omi pupa ti dì sí ìdí páálí rẹ̀, ó ti yọ́ rí ni. Mo máa ń ní kí wọ́n yọ ìfun àti pupa tó fi ń mí dànù, torí ibẹ̀ làwọn tó ń ṣe histamine kó sí. Bí mo bá délé, mo máa ń pín in sí náílọ́nù kéékèèké, ìwọ̀n ìkòkò kan fún ẹyọ kan. Kò ní sí pé mo yọ́ gbogbo rẹ̀ nítorí gé mẹ́rin. Èyí tí mo fẹ́ sè lọ́la, mo ń gbé e sí ìsàlẹ̀ fìríìjì lóru kó yọ́ níbẹ̀. Kí á gbé ẹja sínú síǹkì láàárọ̀ kí á sì lọ síbi iṣẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹ ti mọ ìṣirò rẹ̀.

Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fìríísà wò. Èyí tó kún dáadáa lè mú òtútù rẹ̀ dání fún nǹkan bí wákàtí 48 bí ẹ ò bá ṣí i. Ìdajì rẹ̀, wákàtí 24. Fìríìjì lásán ò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹja tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀, ẹ tètè sè é tàbí kí ẹ dín in. Èyí tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù. Ó ń dunni, mo mọ̀.

Bí ẹja bá ti ṣe ènìyàn ná, tó jẹ́ èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, omi ló ń sá kúrò lára rẹ̀, omi ló sì nílò kó tó kan oògùn èyíkéyìí: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí náà tẹ́jú, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ìgbẹ́ bá dà bí omi ìrẹsì, bí kò bá tọ̀ mọ́, tàbí tó jẹ́ ọmọdé, aláboyún tàbí arúgbó, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bó bá sì jẹ́ ojú gbígbóná àti ara yíyún, oògùn ara yíyún sábà máa ń rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fun bá ń wú tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má dúró wò ó bóyá histamine ni tàbí ara ò gbà á. Ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́ja yẹn ní Sátidé tó kọjá, tèmi ti kúlà mi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Kí lo gbé èyí wá se? Sé ayísìkiriìmù lo fẹ́ẹ́ tà ni?" Mo ní ẹja tí kò tíì yọ́ rí ni mo ń wá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa páálí kan tí wọn ò tíì tú jáde lábẹ́ tábìlì, ó fi ọ̀bẹ gé okùn rẹ̀. "O ò bá ti tètè sọ. Tàná lèyí tó wà lókè yẹn."